Ọjọ́ Kan tí Harm fi Ra Wàràkàṣì

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Kanaalweg,
Meppel,
Họ́láńdì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2023.

Aaltje, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún Berend ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́ báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ yín kékeré tó máa ń bu ajá jẹ? Mo gbà pé gbogbo yín wà dáadáa, ajá náà pẹ̀lú. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ara Harm ọkọ mi le, ó ń jẹun, ó ń sùn, àmọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rélùwéè létí mọ́. Nígbà tí mo bá fẹ́ kó dákẹ́ nínú ilé yìí, ohun tí mo ní láti sọ kò ju "Steenwijk" lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ìwọ àti Berend ń gbèrò láti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilẹ̀ Pọtogí nígbà tí òtútù bá lọ, o sì ń bi mí pé irú páàsì wo ni kí ẹ rà. Èmi lò ń bi, Aaltje? Ìwọ tí o jókòó nínú ilé ìdáná mi ní oṣù kẹjọ tí o ń sọ ohun tó yẹ ká ṣe fún wa, tí a kò gbọ́? Mo fura pé o ti gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu àwọn ará ìlú, pé o kàn fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi rò ó ni. Ó dáa náà. Bu kọfí rẹ, kí o jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é gbọ́ lóòró.

O mọ ohun tó gbé wa dìde. Ọdún mẹ́wàá ni èmi àti Geesje ẹ̀gbọ́n mi fi yan ara wa lódì. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Matjaž tó sì bá a lọ sí Ljubljana, a máa ń kọ káàdì síra wa, a máa ń pe ara wa, kò sí ìjà kankan. Ọdún tó pé márùndínláàádọ́rin ni nǹkan bàjẹ́. Ọdún náà ni a kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ní ọ̀dà tuntun, tí Harm ní kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí tó wà lára ògiri ibẹ̀ ti gbó. Ó ra tuntun, ó da orúkọ gbogbo ènìyàn kọ sínú rẹ̀ láti inú ti àtijọ́, ṣùgbọ́n omi ti pa yíǹkì orúkọ Geesje rẹ́, kò rí i. Ẹni tí kò bá sí lára ògiri yẹn, kò sí láyé nìyẹn. Ọjọ́ ìbí Geesje dé, mi ò kọ káàdì, mi ò pè, mi ò rántí rárá, àfi ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Nígbà tí mo wá pè é, tí mo ní kàlẹ́ńdà ni, ó ní, "Roelie, ṣé kàlẹ́ńdà ló bá mi jáde láti inú ìyá kan náà?" Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo di ẹ̀bi náà lé Harm lórí fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwọ, ìyá tèmi ló bí Geesje, kì í ṣe ìyá Harm. Orí mi ló yẹ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà, kì í ṣe ara ògiri. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ títí, kò dáhùn. Àfi bí káàdì ṣe dé lójijì ní oṣù keje yìí. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní òun yóò pé márùndínlọ́gọ́rin ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, pé agogo mẹ́ta ọ̀sán ni òun yóò gé kéèkì, pé àga kan yóò wà fún mi, àti pé òun kò ní kọ káàdì mìíràn mọ́. Mo kà á lóòró, mo kà á níjòókòó. Mo fèsì lọ́jọ́ náà pé a ń bọ̀.

Bàálù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Harm ní ohun tí kò bá ti ní afárá lábẹ́, òun kò lè bá a débì kan. Ọkọ̀ ojú irin ló kù, ni ó bá tẹ́ ìwé páàsì sórí tábìlì fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, òun àti rúlà àti gíláàsì ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan wà tí ènìyàn lè fi wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù kan gbáko, la gbogbo orílẹ̀-èdè kọjá. Ìyẹn ti wọ́n jù fún wa. Òmíràn wà tó jẹ́ pé iye ọjọ́ tí o bá rà ni, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni yóò yan ọjọ́ tó bá wù ọ́ láàárín oṣù náà, ọjọ́ tí o bá sì yàn, o lè wọ ọkọ̀ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ọlọ́jọ́ mẹ́rin wà, ọlọ́jọ́ márùn-ún wà, ọlọ́jọ́ méje wà.

Harm ní, "Lílọ ọjọ́ méjì, bíbọ̀ ọjọ́ méjì. Mẹ́rin ti pé. Kí la tún ń wá?"

Mo ní, "Aaltje ní ká ra ọlọ́jọ́ márùn-ún, kí ọ̀kan wà fún àṣìṣe."

Ọkọ mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi ṣí afárá fún ọkọ̀ ojú omi nílùú yìí, Roelie. Èwo ló forí sọ ọ́ rí? Ta ló fẹ́ ṣàṣìṣe? Ṣé Aaltje ni?"

Ó ra ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Ó kó tèmi àti tirẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, ó ní fóònù tèmi ti pẹ́ láyé jù. Èmi pàápàá kò bá a jà. Mo ti rí i pé a ó dé, ara mi ti balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀la kí a gbéra. Mo jókòó nílé, mò ń bó ápù fún ìrìn-àjò. Harm ní òun fẹ́ lọ sí Steenwijk lọ ra wàràkàṣì oníkànáfùrù tí Geesje fẹ́ràn láti kékeré, pé kò dáa ká lọ bẹ ènìyàn lọ́wọ́ òfo. Inú mi dùn sí i. Steenwijk kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, o mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi padà dé pẹ̀lú wàràkàṣì ńlá kan tó gbé mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ojú rẹ̀ ń dán.

"Roelie," ló wí, "páàsì wa ń ṣiṣẹ́!"

Mo ní, "Páàsì wo?"

Ó ní ẹni tó bá ra nǹkan tuntun gbọ́dọ̀ dán an wò kó tó gbé e rìn. Nítorí náà ó ti yan ọjọ́ náà lórí fóònù, ó ti kọ Meppel sí Steenwijk sínú rẹ̀, ó sì ti nà án sí kọ̀ńdọ́tọ̀. Mo bi í bóyá tirẹ̀ nìkan ló lò. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ tàbùkù rẹ̀.

"Tèmi nìkan kẹ̀? Ṣé èmi á wá ṣojúsàájú ni? Mo lo méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba."

Ó ní kọ̀ńdọ́tọ̀ náà tiẹ̀ bi òun pé, "Bàbá, ìyàwó yín dà?" Òun sì dá a lóhùn pé, "Ó wà nílé, ó ń bó ápù." Ó ní ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Harm rò pé ọlọ́yàyà ènìyàn ni.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ gíláàsì mi, mo ka òfin tó yẹ ká ti kà kí ó tó di ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ti yàn, tó sì ti fi han kọ̀ńdọ́tọ̀, ó ti lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo fi rìn. Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú orílẹ̀-èdè tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni páàsì yóò gbé e jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gbé e wọlé. Harm ti lo ìjáde wa. Aaltje, lójú páàsì, mo ti fi Họ́láńdì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèpo ápù ṣì wà lórí itan mi.

Mo ka òfin náà sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó.

"Wàràkàṣì náà dáa ṣá," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló wá kù fún wa: méjì fún lílọ, ọ̀kan péré fún bíbọ̀. Mo ní bíbọ̀ kò kàn mí. Bí mo bá ti jókòó sórí àga yẹn ní agogo mẹ́ta, kí n fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbéra ní ọjọ́ kejì. Harm ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì lásán fún wa láti Meppel dé ẹnubodè Jámánì, èyí tí páàsì ìbá ti gbé wa lófẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tó ń sanwó pósí. Ní Hannover, ọkọ̀ tó yẹ ká wọ̀ ti lọ kí tiwa tó dé. Ibẹ̀ ni mo ti rí oore páàsì, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan pàtó ń sáré sókè sódò, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń bínú. Àwa kàn dúró de èyí tó tẹ̀ lé e, a gorí rẹ̀, kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohunkóhun. Wákàtí méjì ni a fi dúró, ṣùgbọ́n búrẹ́dì wa ti tán, ebi sì ń pa wá. Harm wo àpò wàràkàṣì, èmi náà wò ó. Mo ní ká bu díẹ̀. A bu díẹ̀.

Ní Munich, ilé ìtura tí a sùn sí kéré, fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣí dáadáa. Nígbà tó di àárọ̀, obìnrin tó ni ilé fi ìkọ̀kọ̀ bi mí pé ṣé a ní aláìsàn lọ́dọ̀ ni. Mo ní wàràkàṣì ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní kí n bá òun kí wọn kú ìfaradà.

Ọjọ́ kọkànlélógún rèé, Aaltje. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lọ tààrà láti Munich dé Ljubljana, ó yẹ kó gúnlẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Mo ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù mi. Harm ní tirẹ̀, gbàrà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkè, orí rẹ̀ dà rú. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n bí i sí, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ti dàgbà. Ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó ń ya fídíò gbogbo òkè tó bá kọjá, kò dá ọ̀kan sí. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ pàápàá. "Wo èyí! Roelie, wo tọ̀hún, ó fi yìnyín ṣe fìlà!" Mo ní kó ṣe pẹ̀lẹ́, kó má baà jẹ bátìrì tán. Ó ní fóònù ti òun kì í ṣe irú tèmi.

A fi Salzburg sílẹ̀ ni kọ̀ńdọ́tọ̀ wọlé, obìnrin gíga kan tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn pinpin.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ n rí tíkẹ́ẹ̀tì yín."

Harm tẹ fóònù. Fóònù dúdú. Ó tún un tẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ó wà nínú ẹ̀," ló wí.

"Nínú kí ni, Bàbá?"

"Nínú ibi tó ṣókùnkùn yẹn."

"Mi ò lè ka òkùnkùn, Bàbá. Tí páàsì yìí ò bá jáde ká tó dé Bischofshofen, ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, àbí kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí n tún nǹkan tí mo ti rà rà?" Harm dìde dúró. "Mo kúkú sọ̀ kalẹ̀!"

Inú bí mi. Mo rí àga Geesje lójú mi, tó ṣófo. Mo ní, "Harm, tó o bá sọ̀ kalẹ̀, ìwọ nìkan lo sọ̀ kalẹ̀ o. Ọdún mẹ́wàá rèé! Kó owó sílẹ̀, kó o gbé wàràkàṣì yẹn fún mi kó o tó lọ!"

Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí wa. O mọ bí èmi ṣe máa ń rọra sọ̀rọ̀ tó, Aaltje. Ojú tì mí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, kò tì mí rárá.

Ìyáàfin kan jókòó kọjú sí wa, Waltraud lorúkọ rẹ̀, tó ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ láti Munich láìsọ̀rọ̀. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó tọwọ́ bọ abẹ́ òwú, ó fa ṣájà yọ.

"Ẹ gbà, ẹ dákẹ́ ariwo," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo Bàbá yìí. Mo ní fóònù wọn máa kú láìpẹ́. Mi ò kàn fẹ́ dá sọ́rọ̀ tọkọtaya ni."

A ki fóònù mọ́ iná. Kò kọ́kọ́ dáhùn. Kọ̀ńdọ́tọ̀ dúró lé wa lórí, ó ká ọwọ́ gbera. Mo ti gbàdúrà fún aláìsàn rí, mo ti gbàdúrà fún ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbàdúrà fún fóònù. Ọkọ̀ ti ń rọra dúró ní Bischofshofen, ilẹ̀kùn ti fẹ́ ṣí, ni iná tàn lójú fóònù. Harm na páàsì méjèèjì síta.

Kọ̀ńdọ́tọ̀ wo àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wa títí. "Ibo ló ń jẹ́ Steenwijk?"

"Ìlú wàràkàṣì ni," ni Harm wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó gé e fún un. Kọ̀ńdọ́tọ̀ ní òun kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, ó sì jẹ ègé méjì lóòró. Waltraud kò tiẹ̀ ṣe irú èyí. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Villach, ó kó òwú rẹ̀, ó kó ṣájà rẹ̀, ó sì fi ìdajì wàràkàṣì wa sínú ìbọ̀sẹ̀ tó hun tán. A ò lè sọ pé rárá.

Mo rò pé wàhálà ti parí. A kọjá sí ilẹ̀ Sìlòfíníà, ọkọ̀ dúró láàárín igbó. Wọ́n ní igi wó sójú irin. A jókòó síbẹ̀. Fóònù tún ti kú, inú rẹ̀ sì ni nọ́ńbà Geesje wà, nítorí náà n kò lè pè é. Agogo méjì lù lọ́wọ́ mi, méjì ààbọ̀ lù. Mo ń ronú pé yóò gbà pé mo tún ti gbàgbé. Aaltje, mo sunkún. Harm kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó yẹ kí n ra ọlọ́jọ́ márùn-ún." Kò bá ọ̀rọ̀ náà mu rárá, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ.

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni a wọ Ljubljana. A sáré wọ takisí. Ó di mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún lórí aago ọwọ́ mi nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn. Matjaž ló ṣí i. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fà wá wọlé.

Nǹkan bí ènìyàn méjìlá ló jókòó yí tábìlì ká, wọ́n dákẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé tí ọ̀gá fìyà jẹ. Kéèkì wà láàárín wọn, kò sí ibi tí ọ̀bẹ kàn lára rẹ̀. Geesje jókòó ní ipò olórí, irun rẹ̀ ti funfun báláú, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àga kan ṣófo lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo aago ara ògiri. Èmi náà wò ó. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo mẹ́ta lù.

"Ẹ yá jókòó," ni Geesje wí. "Ẹ ti fẹ́ pẹ́."

Mo rò pé aago ọwọ́ mi ló ya wèrè. Mo yí gbogbo ènìyàn ká, mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn kú oríire ọjọ́ ìbí Geesje bí a ti ń kí i nílé, èdè mi kò sì yé wọn. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, o kú ọjọ́ ìbí. O kú gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ti kọjá." Ó tọ́ka sí àga. Harm gbé wàràkàṣì kalẹ̀, èyí tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Geesje gbé e sí imú, ó di ojú rẹ̀ díẹ̀.

"Èyí nìkan lẹ gbé wá láti Meppel?"

"Ọ̀nà jìn," ni Harm wí.

Ó gé kéèkì. Gbogbo wọn jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Mo dìde lọ bu omi, mo tún kọjá lábẹ́ aago náà. Ó ṣì ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo mẹ́ta lù. Mo dúró. Matjaž dé ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n ti Matjaž mì lọ́jọ́ náà. Ó rọra sọ fún mi pé nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọn kò rí wa, Geesje gun àpótí, ó sọ aago kalẹ̀, ó yọ bátìrì rẹ̀ sínú àpò épírọ́ọ̀nù, ó sì tún gbé aago náà kọ́. Àtìgbà yẹn ni ebi ti ń pa wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu pé agogo mélòó ló lù, yóò na ọ̀bẹ sí aago, yóò ní, "Ṣé ojú ò ríran ni?"

Mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún kíkan. Geesje tẹ̀ lé mi.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Àlùbọ́sà ni."

"Kò sí àlùbọ́sà nínú kéèkì, Roelie." Ó wá dì mọ́ mi. Bátìrì náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ó ń gún mi níhà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Harm jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ Steenwijk, pé ọjọ́ kan péré ló kù fún wa, pé a ó ní láti jí ní ìdájí ọjọ́ kẹta kí a lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo sáré délé. Geesje rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ẹ̀rín ìyá wa gẹ́lẹ́. Ó bi í pé ìgbà wo ni oṣù páàsì náà parí. Harm ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá. Ó ní, "Kí ló wá ń lé yín?" Bí ọjọ́ mẹ́ta ṣe di ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn. Matjaž bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú dé Munich, a sùn síbẹ̀, a wá fi ọjọ́ wa tó kù wálé láti ibẹ̀, nítorí Harm kò tíì fi ìwọlé wa ra nǹkan kan. Geesje bá wa wá. Ọlọ́jọ́ méje ló rà ní tirẹ̀. Ó ní mẹ́rin fún ìrìn, ọ̀kan fún àṣìṣe, méjì fún Harm.

Nítorí náà, ẹ ra ju iye tí ẹ bá kà lọ. Ẹ gba ìjókòó sílẹ̀ ní kíákíá fún àwọn ọkọ̀ tó ń sáré ní ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì, torí páàsì nìkan kì í tó wọn. Kí tìrẹ wà nínú fóònù tìrẹ. Bí Berend bá sì ní òun fẹ́ dán an wò, gba bàtà rẹ̀.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o bá mi kí Berend àti orúnkún rẹ̀. Harm ní kí n kí ọ. Geesje náà kí ọ, ó wà níbí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí a dé, kò tíì bọ́ kóòtù tó fi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí mo wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí i pé ó ti fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ ara rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba ojú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bí omi bá lè pa ìyẹn rẹ́, kó pa á.

Ó tún yẹ gbogbo oṣù yòókù wò, láti àkọ́kọ́ dé ìkejìlá. Aaltje, má ṣe bínú sí mi. Orúkọ rẹ náà kò sí níbẹ̀. Ìpè Berend pé ká wá jẹ kéèkì ló ti ń gbà mí sílẹ̀ lọ́dọọdún. Geesje ti mú bírò dání, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ó ní òun kò kúrò níbí àfi bí mo bá sọ ọjọ́ náà láti orí. Mo ti sọ ọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà.

Bí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn ni, jọ̀ọ́, yí ọjọ́ ìbí rẹ padà síbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ti lọ sí Steenwijk láì kúrò lórí àga,
Roelie.